Òtútù Ìlú Ọba kì í ṣe ọyẹ́: bí ẹ ṣe máa di aṣọ fún ọlidé Kérésìmesì

Láti oṣù Ọ̀wàrà ni ìbéèrè yìí ti máa ń wọlé sórí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Kérésì o, kí ni ká dì wá?" Manchester ni mò ń gbé, ilé mi sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó bọ̀ máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Mo ti bá èèyàn tú àpótí tó kún fọ́fọ́, tí a ò rí ẹyọ aṣọ kan nínú rẹ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ òtútù. Léèsì márùn-ún, ankara mẹ́fà, kádígàn kan. Mo ti dá èsì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, ni mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́ lórí ohun kan: ẹni tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra máa móoru ju ẹni tó gbé kóòtù ràgàjì wọ̀ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ló ń dá ooru ara yín dúró. Orí èyí ni gbogbo ohun tó kù dúró lé.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òtútù tí ẹ ń lọ bá

Ọyẹ́ tí a mọ̀ nílé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni. Ó ń la ètè, ó ń mú ẹsẹ̀ funfun, àmọ́ tí oòrùn bá ti yọ, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Òtútù Ìlú Ọba ní omi nínú. Ní London nínú oṣù Kejìlá, ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 8°C tàbí 9°C, òru á wálẹ̀ sí nǹkan bí 3°C tàbí 4°C. Manchester kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i, àfi òjò wínníwínní tó lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó má dá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ilẹ̀ sì máa ń tètè ṣú o: kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Yìnyín tí ẹ ń rí nínú fíìmù kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ níbí lásìkò Kérésì. Òjò àti afẹ́fẹ́ ni kí ẹ múra dè.

Tó bá jẹ́ Toronto tàbí Chicago lẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́hùn-ún, òru inú oṣù Kìíní máa ń lọ sábẹ́ 0°C dáadáa, yìnyín á sì bo ilẹ̀. Winnipeg tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òru -20°C kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀. Òtútù ibẹ̀ gbẹ, kóòtù tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún inú rẹ̀ ló bá a mu. Ẹ gbé irú kóòtù yẹn kan náà wá sí Manchester, kí òjò pa á, kí ẹ sì wo bó ṣe máa rí: ìyẹ́ tó bá ti rin máa dì pọ̀, kò ní móoru mọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin tí ẹ máa bi onílé kí ẹ tó náwó:

- Ṣé ọkọ̀ yín la máa máa gbé káàkiri, àbí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin?
- Kóòtù wo ló wà nílé tí mo lè yá lò?
- Ṣé òde àríyá wà níbẹ̀, mélòó sì ni?
- Ṣé mo lè máa lo ẹ̀rọ ìfọṣọ yín?

Ìbéèrè kejì ló ń gba owó èèyàn sílẹ̀ jù. Mi ò tíì rí ilé Yorùbá kan níbí tí kóòtù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí ìdáhùn ìkẹrin bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pín iye aṣọ tó wà lọ́kàn yín sí méjì, kí ẹ sọ ìdajì kan nù.

## Bí ẹ ṣe máa to aṣọ mẹ́ta léra

1. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ alápá gígùn àti ṣòkòtò rẹ̀, thermal ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó jẹ́ polyester tàbí irun àgùntàn, kí ó má jẹ́ òwú. Nílé wa, òwú dára nítorí ó ń fa òógùn; níbí, ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ máa sáré lé bọ́ọ̀sì, òógùn á wọ inú òwú, kò ní gbẹ, tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti di omi tútù lẹ́yìn yín. Méjì tó fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ máa fọ ọ̀kan kí ẹ máa wọ ọ̀kan.

2. Èyí tó ń dá ooru dúró. Súwẹ́tà irun àgùntàn tàbí aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń pè ní fleece. Èyí tó ní síìpù níwájú ni mo fẹ́ràn, nítorí ẹ lè ṣí i láìbọ́ ọ.

3. Èyí tó ń lé òjò àti afẹ́fẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀, tó gùn dé itan, tó sì ní fìlà tó so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ má gbójú lé agboorùn. Afẹ́fẹ́ níbí máa ń yí i sódì, ẹ ó kàn máa bá a jà lójú títì ni.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò pọ̀ kí ẹ tó gbà pé ó bá yín mu. Ẹ wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gbé ẹrù sórí ọkọ̀. Tó bá fún yín lábíyá, jákẹ́ẹ̀tì yẹn kéré. Aṣọ tó fún pinpin ti lé afẹ́fẹ́ tó yẹ kó há sáàárín jáde.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń tẹnu mọ́ aṣọ tó ṣeé bọ́ díẹ̀díẹ̀ ni pé inú ilé móoru, inú ṣọ́ọ̀bù móoru, inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London tilẹ̀ tún le. Mo bá àbúrò mi kan wọ̀ ọ́ lọ́dún kan, tó wọ súwẹ́tà ọlọ́rùn gígùn sábẹ́ kóòtù. Súwẹ́tà kò ṣeé bọ́ nítorí pé síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sáyè tó máa gbé kóòtù sí. Òógùn ń kán tó-tó-tó ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí a fi máa jáde sójú títì, ó ti ń gbọ̀n.

Ní ti ṣòkòtò: jíǹsì kan péré. Òwú ni jíǹsì, tí òjò bá pa á láàárọ̀, ó ṣì máa rin lálẹ́. Ṣòkòtò tó fúyẹ́ pẹ̀lú thermal lábẹ́ rẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.

## Ẹsẹ̀ ni òtútù ti ń wọlé

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, kánfáàsì funfun tí mo rà ní Dùgbẹ̀ ni mo wọ̀ jáde lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Kí n tó dé ìdí bọ́ọ̀sì, omi ti wọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n gbọ́n, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú rẹ̀. Bàtà wá há, ẹ̀jẹ̀ kò rìn dáadáa, òtútù ọjọ́ kejì wá burú ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù kan ni mo sá wọ̀, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí lékeléke, mo ń gbé ẹsẹ̀ kejì sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ ọwọ́. Ìyá òyìnbó kan wọlé, ó wò mí, ó ní "Oh, love," ó sì jáde.

Nítorí náà:

1. Ẹ ra bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí omi kì í wọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò jínjìn bíi táyà tuntun. Ìsàlẹ̀ tó dán máa ń yọ̀ lórí yìnyín.
2. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi dán bàtà wò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jó nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa nílò kó fi nọ́ńbà kan ga ju èyí tó ń wọ̀ nílé.
3. Ẹ mọ nọ́ńbà yín lọ́nà méjèèjì. Nọ́ńbà 42 tí a ń pè nílé, nǹkan bí 8 ni lọ́dọ̀ wọn níbí.
4. Ẹ wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rìnrìn àjò. Bàtà tuntun àti ìrìn ọlidé kì í bá ara wọn ré.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn mẹ́ta dára ju olówùú mẹ́wàá lọ. Tí bàtà tó dára kò bá tíì sí lọ́wọ́, tí òjò sì ká yín mọ́, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀, kí ẹ wá ki í sínú bàtà. Ọgbọ́n ọjọ́ kan ni o, ẹ má sọ ọ́ dàṣà.

Ìkìlọ̀: tí omi bá dì lójú títì, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, ojú ló máa fi gba ilẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń da sójú ọ̀nà láti yọ́ yìnyín máa ń fi àmì funfun sára bàtà aláwọ. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún lálẹ́ ọjọ́ náà.

## Orí àti ọwọ́

Fìlà tí kò bá bo etí, ẹ fi sílé. Ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà tí mo bá ní kí ẹ mú abetí-ajá wá: etí méjèèjì rẹ̀ ṣeé yí wálẹ̀ bo etí, èyí tí wọ́n bá sì fi aṣọ òkè rán nípọn dáadáa. Ọ̀kan wà nínú àpò kóòtù mi báyìí. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ bá di irun olókùn gígùn, fìlà híhun tí wọ́n ń tà kì í sábà gba irun yín. Ìborùn fífẹ̀ tí ẹ lè fi wé orí àti ọrùn ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́, ẹ mú méjì, nítorí ọ̀kan máa sọnù.

## Ṣé nílé ni kí ẹ ti rà á, àbí níbí?

Tí ẹ bá lè yá kóòtù, ẹ yá a. Tí ẹ bá fẹ́ rà á nílé, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú bélì òkìrìkà: Katangowa, tàbí Aswani ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kóòtù òtútù máa ń wà nínú bélì wọ̀nyí, ẹni tó máa wọ̀ ọ́ nínú oòrùn Èkó kò sì pọ̀, nítorí náà ẹ ná an dáadáa. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí:

- Ẹ fa síìpù sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta. Síìpù tó há lọ́jà máa há jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọwọ́ yín bá ti kú fún òtútù.
- Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Tó bá ń yí dànù bí omi orí ewé kókò, ó dára. Tó bá mu ún, òjò máa wọlé.
- Tó bá jẹ́ oníyẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wú padà. Tí ẹ bá fọwọ́ bá kókó-kókó nínú rẹ̀, ẹ fi í lé oníṣòwò lọ́wọ́.
- Ẹ gbóòórùn inú àpò àti abẹ́ abíyá rẹ̀. Òórùn èébu kì í tán nínú aṣọ nípọn.

Bàtà àti thermal, níbí ni mo máa ní kí ẹ ti rà wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí wọ́n ń pè ní Primark kò wọ́n, ṣọ́ọ̀bù charity tí wọ́n ti ń ta àlòkù tún rọjú jù ú lọ, àdúgbò tí olówó pọ̀ sí ni ti wọn máa ń dára jù. Ọjọ́ kejì Kérésì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń já owó ọjà wálẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tí ẹ máa balẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í ṣí, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dé lálẹ́ ọjọ́ 24 láìní nǹkan kan, ohun tó bá wà nílé onílé ló máa wọ̀ títí di ọjọ́ 26.

## Aṣọ òde

Agbádá kì í wọ inú kóòtù. Mo ti rí bàbá kan tó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi: apá agbádá ká jọ sí èjìká rẹ̀ méjèèjì bí òṣùká, kóòtù kò ṣeé dè, a sì ti pẹ́. Ẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò lórí thermal, kí ẹ wọ kóòtù lé e, kí ẹ gbé agbádá sínú àpò tó ní síìpù. Inú gbọ̀ngàn lẹ ó ti gbé e wọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, thermal ìsàlẹ̀ lábẹ́ ìró, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Fún léèsì oníhò, ẹ wá thermal tó jọ àwọ̀ ara yín, tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀. Gèlè, ẹ wé e níbẹ̀ tàbí kí ẹ mú èyí tí wọ́n ti wé tẹ́lẹ̀, nítorí fìlà jákẹ́ẹ̀tì àti gèlè kò lè gbé orí kan náà. Tó bá ṣeé ṣe, aṣọ òkè ni kí ẹ yàn dípò léèsì. Ó nípọn, ìpèlé rẹ̀ sì ń bo èjìká. Bàtà gogoro, inú báàgì ni kó wà títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ òde méjì tó. Ẹni tó mú mẹ́fà wá máa gbé mẹ́rin padà láìtú u.

## Tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín

Ìkìlọ̀ kan ló wà níbí tí mi ò gbọdọ̀ gbàgbé: ẹ má fi kóòtù tó wú bo ọmọ kí ẹ tó dè é mọ́ àga ọkọ̀. Okùn máa dà bíi pé ó fún, kóòtù ló di. Tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kóòtù máa fún pọ̀, okùn á dẹ̀, ọmọ á yọ. Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ de okùn, kí ẹ wá fi kóòtù bò ó lórí okùn. Ìbọ̀wọ́ ọmọdé, ẹ so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú okùn tó gba inú apá kóòtù.

## Bí ẹ ṣe máa di àpótí

1. Ẹ tẹ́ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ mú sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì, kí ẹ yọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò.
2. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín. 23 kg fún àpótí kan ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà, àmọ́ ti yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé.
3. Ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà, kí ẹ to bàtà sí apá ibi tí táyà àpótí wà.
4. Ẹ ká aṣọ bí ẹní dípò kí ẹ pa á pọ̀. Súwẹ́tà ṣeé kó sínú ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín: àyè ló ń dín, kò dín ìwúwo. Ibi tí èèyàn ti ń rí àpótí tó ṣẹ́kù ìdajì, tí ó sì ti di 28 kg nìyẹn.
5. Tí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ pín aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àpótí méjèèjì. Tí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, kò ní sí ẹni tó máa wà níhòòhò.
6. Ẹ ya oúnjẹ sọ́tọ̀. Epo pupa tó jò sára súwẹ́tà kì í lọ. Ẹran kankan tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, ẹ má mú un wá láti Nàìjíríà; òfin Ìlú Ọba kò gbà á, kílíṣí àti pọ̀nmọ́ wà nínú rẹ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ọwọ́:

- thermal kan, súwẹ́tà kan
- fìlà, ìbọ̀wọ́, ìborùn, ìbọ̀sẹ̀ nípọn
- oògùn yín
- power bank (wọn kì í gbà á nínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀)

## Ọjọ́ ìrìnàjò

Ẹ má wọ thermal láti ilé. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà á fi òógùn wẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé. Ẹ wọ aṣọ fúyẹ́, ẹ wọ bàtà tó wúwo jù sẹ́sẹ̀ kó má gba kílò nínú àpótí, ẹ gbé kóòtù kọ́ apá. Inú ọkọ̀ máa ń tutù, súwẹ́tà wúlò níbẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ kí ọkọ̀ balẹ̀, ẹ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ẹ wọ thermal. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn jókòó. Ìlà á ti gùn.

## Àkójọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni kan

- thermal méjì, òkè àti ìsàlẹ̀
- ẹ̀wù alápá gígùn mẹ́rin
- súwẹ́tà méjì
- jákẹ́ẹ̀tì òjò kan
- ṣòkòtò mẹ́ta, jíǹsì kan nínú rẹ̀
- ìbọ̀sẹ̀ nípọn mẹ́ta, ti lásán mẹ́rin
- bàtà òjò kan, sílípáàsì inú ilé kan
- fìlà, ìborùn, ìbọ̀wọ́ méjì
- aṣọ òde méjì
- aṣọ ìsùn kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó tó ọjọ́ mẹ́jọ
- òrí, fásílìn fún ètè

## Nígbà tí ẹ bá dé

Hítà inú ilé máa ń gbẹ ara ju ọyẹ́ lọ. Ẹ fi òrí para lẹ́yìn ìwẹ̀ kí omi tó gbẹ tán lára. Ó máa le bí òkúta nínú ike rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ hítà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á rọ̀. Bàtà tó rin, ẹ má gbé e lé hítà ní tirẹ̀, awọ rẹ̀ á sán. Ẹ fún ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ bọ́ kóòtù ní kété tí ẹ bá wọlé, àní bó bá ṣe pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ fẹ́ lò, kó lè wúlò fún yín nígbà tí ẹ bá tún ń jáde.

Kóòtù tí ẹ yá, ẹ wo àpò rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ibẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ kan tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ kẹta máa ń wà.